Ẹ Má Tíì Ta Ilẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa ní Kàbà, bí ọmọ yín bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì fẹ́ ta ilẹ̀ kí ó lè lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ ná.

Ní 2013, Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti bẹ ìjọba kí àjèjì onímọ̀ rí ààyè wọlé. Àwọn mìíràn kọ̀, wọ́n ní àjèjì ń gba iṣẹ́ ọmọ onílé. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Ààrẹ Trump bu 100,000 dọ́là lé ìwé àṣẹ iṣẹ́ H-1B tuntun. Agbanisíṣẹ́ ni yóò san án. Ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ sá fún un.

Nígbà kan, Èkó ni àwọn ọmọ Andela, tí a dá sílẹ̀ ní 2014, jókòó sí tí wọ́n ń bá ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, kọ́ iṣẹ́ náà yanjú ná. Ilẹ̀ kò ní sá lọ.