Aláìsàn ẹ̀dọ̀ tó ti bi ẹ̀jẹ̀ rí: ẹ má fi pamọ́ fún dókítà

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ẹnìkan, ọ̀bẹ ni èrò rẹ̀ máa ń lọ bá. Àwọn tó ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn aláìsàn náà lórí tábìlì kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu ńlá wà.

Ọdún 1963 ni Dókítà Thomas Starzl kọ́kọ́ dán iṣẹ́ abẹ yìí wò lára ènìyàn nílùú Denver, l'Amẹ́ríkà. Ọdún 1967 ló tó bọ́ sí i. Lónìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ti ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́ ń lọ sí Íńdíà fún un, àwọn mìíràn sì ń ta ilẹ̀ bàbá wọn kí wọ́n tó rí owó rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń yọ ẹ̀dọ̀ àtijọ́, wọ́n á fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá pa, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sínú ọkàn á sì dín kù. Bí wọ́n bá wá tú iṣan sílẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ tuntun, ẹ̀jẹ̀ tútù, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí afẹ́fẹ́, á rọ́ wọ inú ọkàn lójijì. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkàn lè dáwọ́ dúró.

Nítorí èyí ni àwọn dókítà tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun fi ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TEE. Ó dà bí okùn tó nípọn tó ìka ọwọ́. Ẹnu ni wọ́n ń gbà tì í sí ọ̀nà ọ̀fun, nítorí pé ẹ̀yìn ọkàn gan-an ni ọ̀nà ọ̀fun gbà kọjá. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ló fi ń ya àwòrán, dókítà á sì máa wo ọkàn bó ṣe ń lù.

Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ẹ̀dọ̀ tó ti le gbagidi kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ náà á wá ọ̀nà mìíràn gbà, iṣan inú ọ̀nà ọ̀fun á sì wú. Bí ohunkóhun bá ya á, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, kò sì ní tètè dì. Síbẹ̀, ìròyìn láti àwọn ilé ìwòsàn l'Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídà tó le látàrí ẹ̀rọ yìí kò tó ẹnìkan nínú 100 aláìsàn, títí kan àwọn tí iṣan wọn ti wú. Lójú tiwa, àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ, bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló wà, tí kò sì fi agbára tì í.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni àwọn ẹbí tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ilé ìwòsàn á lé àwọn padà, wọn kì í sọ pé bàbá ti bi ẹ̀jẹ̀ rí, tàbí pé oúnjẹ ń há a lọ́fun. Bí dókítà bá mọ̀, ó lè kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà ọ̀fun, kí ó fi rọ́bà kéékèèké so iṣan tó wú, tàbí kí ó lo ọ̀nà mìíràn láti ṣọ́ ọkàn. Bí kò bá mọ̀, ńkọ́?

Àwọn ilé ìwòsàn náà kò gbọdọ̀ fi ìbéèrè yìí sílẹ̀ fún aṣojú tó ń ṣètò ìrìnàjò. Kí dókítà oorun fúnra rẹ̀ béèrè, ní èdè tí ìyá àgbà tó tẹ̀lé aláìsàn wá máa gbọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé.