Òǹkọ̀wé Jẹ Wá ní Ìparí Ìtàn

Oṣù Keje ọdún 2011 ni ìwé karùn-ún George R. R. Martin, A Dance with Dragons, jáde. Ìwé kẹfà, The Winds of Winter, kò tíì dé. Àwọn kan nínú wa kò tíì wọ iléèwé girama nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jon Snow fúnra wọn gún un lọ́bẹ. Wọ́n ti ń múra àtigboyè báyìí, Jon ṣì wà nílẹ̀ lórí yìnyín.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ láàárín wa, ohùn méjì ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á máa bú bàbá náà pé ọ̀lẹ ni, pé owó tẹlifíṣàn ti yó o. Àwọn yòókù á ní kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, pé a ti ka èyí tí a rà tán. (Ká sòótọ́, mélòó nínú wa ló rà á? Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ti kà á, a ò sì béèrè ibi tó ti wá.) Èébú yẹn kò dáa. Ọdún 1948 ni wọ́n bí Martin. Kò yẹ kí ọmọ ogún ọdún máa ka ọjọ́ orí rẹ̀ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń ṣọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé kò sí gbèsè.

Gbogbo ẹni tó ń pa àlọ́ ló mọ̀ ọ́n. Bó bá ti pe "Ààlọ́ o", tí àwọn ọmọdé sì ti dáhùn "Ààlọ̀", wọ́n ti jọ ṣàdéhùn nìyẹn. Kò lè dìde nígbà tí Ìjàpá ṣì wà lórí ọ̀pẹ kó ní oorun ń kun òun.

Ẹ wo Fágúnwà. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ó di 1949 kí Igbó Olódùmarè tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń retí ohun tí Àkàrà-ògùn tún ṣe lẹ́yìn náà, ìtàn Olówó-ayé bàbá rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Martin ṣe irú ẹ̀ ní 2018: ìtàn ọmọ là ń retí, Fire & Blood, ìtàn àwọn baba ńlá Targaryen, ló gbé fún wa. Mo kà á, mo gbádùn rẹ̀, inú sì bí mi. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọdẹ Fágúnwà a máa padà wálé. Nígbà tí Fágúnwà kú ní 1963, kò sí ọdẹ kankan tó há sínú igbó. Ti Martin ńkọ́? Stannis wà nínú òjò dídì, kò tíì dé Winterfell. Àwọn Dothraki ti ká Daenerys mọ́ inú pápá.

Wọ́n ní ṣebí tẹlifíṣàn ti parí rẹ̀ ní 2019. Ìtàn ta ni wọ́n parí? Catelyn tó jí dìde gẹ́gẹ́ bí Lady Stoneheart kò sí nínú eré yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní Aegon, ọmọ Rhaegar. Ẹni tí wọ́n yọ àwọn méjì yìí kúrò nínú ìtàn rẹ̀ kò lè dé ibi tí ìwé ń lọ. Gbèsè tí ẹlòmíì fi owó ayédèrú san ṣì wà nílẹ̀.

Èmi kò ní kó sáré o. Mo tilẹ̀ gbà pé ó ti ń san án díẹ̀díẹ̀: ó ti gbé orí mélòó kan síta, ti Theon, ti Arianne, ti Arya. Ti Jon ni mo ń dúró dè.