Ọsàn so jìngbìnnì, ta ló ń jẹ èrè rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ọsàn ní í kó póńpó bá ìyá rẹ̀. Lóde òní, kì í ṣe igi nìkan ni póńpó náà ń bà, ó ti ń ba ẹni tó gbìn ín pẹ̀lú.

Ẹ wo àwọn ọjà wa láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìn-ín-ní. Ọsàn á kún ilẹ̀, ọkọ̀ á máa já a, àwọn obìnrin á máa fi abẹ bó o lẹ́bàá títì. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ọsàn kan náà ti wọ́n bí ojú. Ẹni tó bá rò pé àgbẹ̀ ló ń kó owó ọ̀wọ́n yẹn sápò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú oko ìdílé kan tí kò ju éékà kan lọ, irú èyí tó wà káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ọ̀ṣun. Bí wọ́n bá fi mítà 7 sáàárín igi kan sí èkejì, igi bíi 80 ni yóò wọ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kóró gbìn lè tó ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Èyí tí wọ́n bá ti ojú ọsàn dídùn bọ ara ọmọ igi ọsàn kíkan máa ń yá ju ìyẹn lọ, ọdún 3 sí 4 ni.

Kò sì sí ìgbà tí iṣẹ́ ń tán níbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gun igi lọ gé àfòmọ́, nítorí ẹyẹ a máa jẹ èso rẹ̀, a sì fi kóró rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀ka, igi tí wọn kò bá sì tètè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, bàbá àti àwọn ọmọ á ro etí oko yíká kí iná ìgbẹ́ má baà wọ̀ ọ́, torí iná ọjọ́ kan ṣoṣo lè jó iṣẹ́ ogún ọdún. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, igi á tanná, olóko á sì máa wojú ọ̀run, kí ìjì má gbọn òdòdó dànù. Láti ìgbà náà, koríko á máa hù ju bí apá ṣe lè ro ó lọ. Ìyá ilé á máa ṣa èyí tó bá rẹ̀ sílẹ̀, á rì í mọ́lẹ̀, kí kòkòrò inú rẹ̀ má baà padà sórí igi.

Oṣù kẹsàn-án ni wàhálà dé. Ọsàn kò tíì gbó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ fẹ́ wọlé ìwé. Oníṣòwò á wọ oko, á fojú wọn gbogbo igi, á dá iye kan lé e lápapọ̀, á sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọsàn ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ni yóò ṣì máa ṣọ́ ọ.

N kò ní ká bú oníṣòwò o. Òun ló ń gbé ewu ìjì àti ti ọkọ̀ tó lè kú sójú ọ̀nà. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, owó ọkọ̀ kò ṣe é fẹnu sọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọsàn Benue ń já lu ọjà Èkó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú. Ọsàn kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí kì í dúró bó bá ti gbó. Ọsàn tó gbó lè wà lórí igi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìbàjẹ́, bí a bá sì ti já a, kò ní dùn ju bó ṣe wà lọ mọ́. Igi fúnra rẹ̀ ni àká. Ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Valencia tilẹ̀ máa ń pẹ́ gbó ju àwọn yòókù lọ. Àgbẹ̀ tó bá lè dúró ni yóò rí owó ọ̀wọ́n gbà, owó ilé ìwé ni kì í jẹ́ kó dúró.

Nígbà ayé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ilé iṣẹ́ Lafia wà ní Ìbàdàn tó ń rọ èso sínú agolo. Lónìí, púpọ̀ nínú omi ọsàn inú páálí tí a ń mu, ògidì tó ti òkè òkun wá ni wọ́n fi ń pò ó.

Ọmọ tó dàgbà sínú irú oko bẹ́ẹ̀, tó rí i pé ẹlòmíràn ló ń kórè, kò ní pẹ́ ta ilẹ̀ bí àwọn akọ́lé bá dé. Ẹ rántí Agége. Oko kòkó àti obì ni àwọn bíi J. K. Coker fi sọ ibẹ̀ di olókìkí, ọdún 1907 ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wọn sílẹ̀. Èkó gbòòrò dé ibẹ̀, ilé ló kún un báyìí. Nínú ìwé NIHORT, ilé iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1975, orúkọ ọ̀kan lára ẹ̀yà ọsàn dídùn ṣì ni Agége. Orúkọ wà, oko ti lọ.

Ìjọba a máa pín ọmọ igi fún àgbẹ̀, àwọn oníròyìn á sì ya fọ́tò. Kì í ṣe igi ló wọ́n wa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó lè yá olóko lówó ní oṣù kẹsàn-án, kó sì gbà á padà ní oṣù kejì nígbà tí ọsàn bá ti gbówó lórí, ni ìjọba ìbílẹ̀ ìbá kó owó sí. Kí wọ́n sì ṣe é kí àwọn ọmọ tó tún wọlé ìwé.