Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Wáyà Wò Ká Tó Ra Kabúrétọ̀

Mọ́tò ẹgbẹ́ wa tó ti gbó ń ké tantan fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà kò tẹ tòtù. Mẹkáníìkì ní ká ra kabúrétọ̀ tuntun. Èmi ò tíì fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, ká tẹ tòtù, ká sì gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bí kò bá padà kíákíá, wáyà rẹ̀ ló há tàbí sípíríǹgì ló dẹ̀. Bó bá padà, ká tan ẹ́ńjìnnì, ká tẹ́tí sí ariwo “ṣíì”: rọ́bà tó sán lè máa fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Òógùn wa ni owó àjọ; kì í ṣe owó ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí mọ́tò náà má lọ ọjà kankan títí a ó fi rídìí rẹ̀. Ẹ̀mí ju ẹrù lọ o.