Ọba Kì Í Mú Ọ̀kọrin



Àwọn kan láàárín wa ń sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ ìwé lórí oríkì Ìdáàṣà, tí kò bá ti ilé àwọn mu, àwọn máa pè é lẹ́jọ́ ni, ìwé náà kò sì ní jáde. Àwa kò fara mọ́ ọn.

Ní 1857, ilé ẹjọ́ ní Paris dá Charles Baudelaire lẹ́bi nítorí ìwé ewì rẹ̀, Les Fleurs du mal. Wọ́n ní kó san 300 faransi, kí wọ́n sì yọ ewì mẹ́fà kúrò nínú rẹ̀. Ọdún 1949 ni ilé ẹjọ́ gíga tó fagi lé ẹjọ́ náà. Ọdún 92! Baudelaire tí wọ́n dá lẹ́bi yìí náà ni wọ́n wá fi kọ́ àwa nílé ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ Yorùbá. Ní 1964, Hubert Ògúndé ṣe eré Yorùbá Ronú ní Nàìjíríà. Inú bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n ní ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣeré ní agbègbè àwọn mọ́. Ọdún yẹn kan náà ló gbé Òtítọ́ Korò jáde. Ní 1966, Fájuyì, gómìnà ológun, mú òfin náà kúrò. Ìjọba tó fòfin dè é ti lọ. Orin rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn.

Àwọn baba wa gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Kétu, Ẹ̀fẹ̀ á jáde lóru, á fi orin na ọlọ́lá tó ṣìwà hù. Ilẹ̀ á mọ́, kò sẹ́ni tó máa bá a ṣẹjọ́.

A kò ní kí èèyàn máa parọ́ mọ́ ilé onílé o. Abala 23 nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ Benin ti 1990 fún olúkúlùkù láyè láti sọ èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ta ko òfin. Bí ìwé bá ṣì í kọ, ẹ pe ẹni tó kọ ọ́, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ tiyín, kó kọ ìyẹn náà sí i. A kì í ti ilé ẹjọ́ bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nìyí: àwọn ìyá tó mọ oríkì lábẹ́ òkè 41 wa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi ẹjọ́ lé ọmọ tó fẹ́ kọ ọ́ sá, ta ni yóò kọ ọ́? Ìwé tó ní àṣìṣe ṣeé tún tẹ̀. Oríkì tó bá àgbà wọ ilẹ̀ kò ṣeé pè padà.