Kòkòrò Orí Ewé Àgbàdo: Ta Ni Yóò Dá Wọn Mọ̀?



Ní ìgbà òjò kan, mo lọ kí aládùúgbò mi ní Sàngó-Ọ̀tà. Ó gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, láàárín ilé àti ògiri ilé-iṣẹ́ kan. Kò ju ebè mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ó ti ṣírò rẹ̀ pé yóò dín owó ọjà kù. Nígbà tí mo dé, ìgò oògùn apakòkòrò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta sì ń ṣeré lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilà funfun tínínrín ti gba ojú ewé àgbàdo náà.

Ó ní, “Àǹtí, kòkòrò ni mo fẹ́ pa.”

Mo bi í pé, “Èwo nínú wọn?”

Ó dáhùn pé, “Gbogbo wọn ni.”

Mo rọra gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí mo fi gbà á ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn ilà ewé àgbàdo yìí. Kì í ti ara irúgbìn wá, kì í sì í ti inú ilẹ̀ wá. Kòkòrò kékeré kan tí ń fa omi ewé mu ni ó ń gbé e kiri. Ìwádìí H. H. Storey ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1925, ni ó fi èyí hàn. Kòkòrò náà kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Ó pupa rúsúrúsú, àmì dúdú roboto méjì sì máa ń wà ní àtàrí rẹ̀. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ewé, yóò fò kúrò kíákíá. Cicadulina ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdílé náà tóbi. Cicadulina mbila wà níbẹ̀, storeyi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni similis àti arachidis. Agbára wọn láti gbé àrùn kiri kò dọ́gba. Kódà nínú irú kan ṣoṣo, òmíràn lè gbé àrùn, òmíràn kò lè gbé e, àjogúnbá sì ni agbára náà.

Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Àlejò lè ṣì wọ́n mú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ àmì kékeré tí ó wà lẹ́yìn etí ọ̀kan. Ní ti àwọn kòkòrò wọ̀nyí, àmì tí ó dájú kò sí lóde ara. Akọ ni onímọ̀ máa ń mú. Yóò gé ìdí ikùn rẹ̀, yóò sì gbé e kaná nínú omi oògùn líle kan tí ó jẹ́ ìbátan kọ́sítíìkì sódà tí àwọn aṣeọṣẹ ń lò. Ẹran ara yóò yọ́ dànù, èèpo líle yóò ṣẹ́ kù. Nígbà náà ni yóò fi ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo nǹkan ọkùnrin rẹ̀: bí ó ṣe tẹ̀ sí, àti irú ẹ̀ka tí ó yọ lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni irú kan ti ń yàtọ̀ sí èkejì. Abo ṣòro púpọ̀ láti dá mọ̀.

Bí onímọ̀ bá ní láti ṣe tó báyìí, báwo ni oògùn inú ìgò yóò ṣe mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́? Yóò pa oyin àti aláǹtakùn tí ń ràn wá lọ́wọ́. Kòkòrò mìíràn yóò sì fò wá láti inú koríko ìtòsí. Oògùn ni yóò kù lára ewé tí ọmọ ń fọwọ́ kàn. Kì í ṣe lásán ni àjọ NAFDAC fi gbógun ti ìgò kékeré oògùn dichlorvos ní ọdún 2019.

Ẹ jẹ́ kí a mójú tó ohun tí ojú lè rí. Ilà tínínrín tí ó já léraléra, tí ó tẹ̀lé iṣan ewé, àrùn yìí ni. Ṣùgbọ́n bí ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n láti ṣóńṣó wá sí àárín, ebi ajílẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́.

Ẹ gbin àgbàdo ní kété tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí èyí tí a gbìn pẹ́ ni àrùn náà ń bá jà jù. Ẹ ro koríko àyíká, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò náà ń fara pamọ́ sí. Bí àgbàdo bá ṣàìsàn ní kékeré, ẹ fà á tu, nítorí kò ní gbó ọmọ gidi. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ béèrè irúgbìn tí àrùn yìí kò lè borí lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ni iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba. Ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí irú irúgbìn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn King Baudouin nítorí rẹ̀ ní ọdún 1986.

Aládùúgbò mi fa àwọn tí ó ṣàìsàn tu. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, irúgbìn tuntun ni ó gbìn. Ó gbé àgbàdo sísè mẹ́fà wá fún mi nínú abọ́, ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e, ó ń jẹ tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.