Ẹ Dá Èdè Abínibí Padà sí Kíláàsì

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Àbújá, níbi àpérò kan tí British Council gbé kalẹ̀ lórí èdè àti ẹ̀kọ́, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022. Ìlànà yẹn ló ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti jẹ́léósinmi títí dé ìparí pírámárì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní a ó máa lò báyìí, láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Ìdí tí mínísítà fi lélẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tó ń fi èdè abínibí kọ́mọ jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Àlàyé yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka ọdún. Ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà náà, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà. Pírámárì ló wà fún. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ti wà ní SS1 nígbà yẹn. Pírámárì ti di ohun àná fún un. Ọmọ tó dàgbà jù lọ tí ìlànà náà lè kàn ni ọmọ Pírámárì kẹfà ọdún náà, òun náà kò sì ní jókòó ṣe WAEC títí di 2029. Kò tíì sí ọmọ kan ṣoṣo tó gba abẹ́ ìlànà yìí dé gbọ̀ngàn ìdánwò àṣekágbá. Báwo la ṣe wá di ẹ̀bi ìfìdírẹmi rù ú? Adamu fúnra rẹ̀ ti sọ lọ́jọ́ tó kéde rẹ̀ pé ó dìgbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà kó tó lè fẹsẹ̀ rinlẹ̀. Wọn kò tíì gbin irúgbìn, wọ́n ní ìkórè ò dára.

Ẹnì kan lè sọ pé ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 náà ti ní kí wọ́n fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ni, lórí ìwé. Ta ló tẹ̀ lé e? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fanákúlà, tàbí tí wọ́n ń fi pátákó kọ́ ọmọ náà lọ́rùn kiri títí yóò fi gbọ́ ti ẹlòmíràn tó sọ Yorùbá, tí yóò sì gbé e kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn. A ń kọ́ ọmọ láti ṣe amí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi kí i láàárọ̀.

Láìpẹ́ yìí mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì Pírámárì kẹta kan. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Tíṣà ka ìbéèrè náà sókè ní Gẹ̀ẹ́sì: obìnrin kan ní ọsàn 36, ó fẹ́ kó o sínú abọ́ ní mẹ́rin mẹ́rin, abọ́ mélòó ni yóò lò? Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún un kà. Àwọn kan ń wo ojú rẹ̀, àwọn kan ń wo pátákó, ọmọbìnrin kan níwájú sì ń tún ọ̀rọ̀ náà pè bó ṣe ń jáde lẹ́nu tíṣà, láìmọ ohun tó ń wí. Tíṣà bojú wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọ̀gá wà nítòsí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Ìyá ọlọ́sàn ní ọsàn mẹ́rìndínlógójì. Mẹ́rin mẹ́rin ló ń kó o sábọ́. Abọ́ mélòó?” Ọwọ́ na sókè káàkiri. Mẹ́sàn-án! Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ nírọ̀lẹ́ ti mọ ìṣirò yẹn kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́. Ohun tó ká mi lára ni pé tíṣà ní láti jí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí a sì ti yẹ̀ wò fínnífínní ni, ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation. Ọ̀wọ́ ọmọ kan fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún odidi ọdún mẹ́fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Wọn kò lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Ọ̀wọ́ kejì ṣe bí ilé ẹ̀kọ́ yòókù: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Wọ́n jókòó kọ ìwé tuntun, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí sáyẹ́ǹsì ń sọ, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí wọn yóò ṣe lò ó. Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ náà, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìjábọ̀ rẹ̀ di ìwé ní 1989. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ da èdè abínibí nù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ìwádìí yìí lóhùn. N kò tíì gbọ́ kí mínísítà dárúkọ rẹ̀.

Wọ́n á ní Áfíríkà ti ní èdè jù, pé ìyẹn ló pín wa. Lóòótọ́, nǹkan bí 2,000 èdè ló wà ní ilẹ̀ yìí, bí ìdá kan nínú mẹ́ta èdè gbogbo ayé, Nàìjíríà nìkan sì ní ju 500 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn èdè náà gbà. Fúlàní wà láti Senegal dé Sudan. Haúsá gba Kánò kọjá sí orílẹ̀-èdè Niger, ó sì ń bẹ ní àwọn àdúgbò sọ́ńgò ní Ghana. Kiswahili kúrò ní etí òkun ìlà-oòrùn, ó wọ inú Kóńgò. Èdè ń so àwọn èèyàn yìí pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya ààlà sáàárín wọn.

Ẹ lọ sí Ìmẹ̀kọ, kí ẹ sì kọjá sí Kétu. Abẹ́ ọba kan náà, Alákétu, ni ìlú méjèèjì wà tẹ́lẹ̀. Ní 1889, ìjọba Britain àti ti Faransé fẹnu kò lórí ààlà. Ìmẹ̀kọ bọ́ sápá Britain, Kétu bọ́ sápá Faransé. Lónìí ọmọ Ìmẹ̀kọ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Kétu ń kọ́ Faransé. Kódà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ yàtọ̀: ọ̀hún ń lo ɛ àti ɔ, àwa ń fi àmì sábẹ́. Síbẹ̀, bí òkú bá kú nínú ẹbí, tí àwọn ọmọ bá pàdé ní àgbàlá, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá ara wọn ṣeré. Ẹ gba Yorùbá lẹ́nu wọn, ọmọ ìyá méjì á di àlejò síra wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń fìyà jẹ ọmọ nítorí Yorùbá ń parí iṣẹ́ tí àwọn tó ya ààlà 1889 bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn alátakò wa ń mú wá tó yẹ ká fi ọ̀wọ̀ dá lóhùn. Ní South Africa, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi èdè abínibí kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀kọ́ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n, kí wọ́n má baà kúrò ní ipò ìránṣẹ́. Ìyẹn ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ohun tí àwọn ọmọ Soweto gbógun tì ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1976 ni Afrikaans, èdè àwọn ọ̀gá wọn, tí wọ́n fẹ́ fi tipátipá mú wọn gbé mì. Ẹ̀kọ́ burúkú burú ní èdè yòówù. Ẹ̀kọ́ gidi ní Zulu tàbí Sotho kọ́ ni ìjọba náà fún wọn.

Tanzania ti ń fi Kiswahili kọ́ ọmọ pírámárì láti 1967. Somalia yan àkọtọ́ fún èdè rẹ̀ ní 1972. Ghana gbé ìgbésẹ̀ lóṣù kan ṣáájú ìkéde Àbújá: ní oṣù kẹwàá 2025, mínísítà ẹ̀kọ́ wọn, Haruna Iddrisu, pàṣẹ pé dandan ni kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Aládùúgbò wa tó ń bá wa ṣe WAEC kan náà ń wọlé níbi tí àwa ń jáde.

Kí la ó ṣe sí àwọn èdè kékeré? Ní nǹkan bí 1970 ni onímọ̀ èdè Kay Williamson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kíkà jáde fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers ní èdè tó lé ní mẹ́wàá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé kankan tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá lè ṣe é fún èdè tí ìlú díẹ̀ ń sọ, kí ni àwáwí Yorùbá, tó ti ní ìwé ìròyìn l'Abẹ́òkúta láti 1859, ọdún 55 kí wọ́n tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà?

Òbí tó ń fi oúnjẹ du ara rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí ọmọ má gbọ́ ọ. Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń gbà báyìí ni Gẹ̀ẹ́sì àbọ̀ lẹ́nu tíṣà tí òun náà ń bá a jìjàkadì, pẹ̀lú ìṣirò àbọ̀ àti sáyẹ́ǹsì àbọ̀.

A kò sì ní láti dúró de Àbújá. Ìwé òfin 1999 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣòfin lórí ẹ̀kọ́ pírámárì. Kí àwọn gómìnà Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì pe àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn olùkọ́ jọ, kí wọ́n gbé ìwé ẹ̀kọ́ tí ìwádìí Ifẹ̀ lò jáde, kí wọ́n tún un ṣe fún ayé kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó. Kí wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó sọ èdè ìyá rẹ̀. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti Pírámárì kìíní ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀.